Adùn Inú Ìgò: Ìtàn Ohun Tí Ń Mú Ọtí Ẹlẹ́rìndòdò Dùn, àti Ohun Tí Ó Kàn Wá Nínú Rẹ̀

 

Kò sí ìpàdé, ìsọmọlórúkọ, ìgbéyàwó tàbí ìsìnkú àgbà tí àwa ọmọ Yorùbá ń ṣe ní ìlú Kánò yìí tí a kì í pín ọtí ẹlẹ́rìndòdò, èyí tí púpọ̀ nínú wa ń pè ní mínírà. Láti ọjọ́ pípẹ́ sì ni ìbéèrè kan ti ń jẹyọ lẹ́nu àwọn ènìyàn wa bí ìgò bá ti kàn wọ́n lọ́wọ́: ṣé òótọ́ ni pé àwọn kẹ́míkà tí wọ́n fi ń mú un dùn ń fa àrùn jẹjẹrẹ? Àwọn kan tí wọ́n ní àtọ̀gbẹ láàárín wa ń bẹ̀rù èyí tí kò ní ṣúgà ju èyí tí ó ní ṣúgà lọ. Àwọn mìíràn sì rò pé bí kò bá ti sí ṣúgà nínú rẹ̀, àwọn lè mu ìgò mẹ́fà ní ìjókòó kan. Èrò méjèèjì ni a fẹ́ fi ìtàn yẹ̀ wò nínú àpilẹ̀kọ yìí. A kì í ṣe dókítà, òṣìṣẹ́ ìjọba ni wá. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ fáìlì ti kọ́ wa pé bí ọ̀ràn kan bá díjú, ojú ewé àkọ́kọ́ ni kí á ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà á.

Ohun tí ìtàn náà fi hàn wá ni pé ìbéèrè "ṣé májèlé ni àbí kì í ṣe májèlé?" kò tó láti fi dájọ́. Ìbéèrè mẹ́ta ni ó wúlò jù ú lọ: báwo ni ó ti pọ̀ tó? Ta ni ó ń mu ún? Ṣé wọ́n sì sọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀ fún ẹni tí ó rà á?

OBÌ TÍ Ó WỌ INÚ ÌGÒ

Ní ọdún 1886 ni apòògùn kan tí ń jẹ́ John Pemberton, ní ìlú Atlanta ní Amẹ́ríkà, po ohun mímu tí wọ́n sọ ní Coca-Cola. Orúkọ ohun ọ̀gbìn méjì ni wọ́n pa pọ̀ nínú orúkọ náà: coca, igi kan tí ó ń hù ní Amẹ́ríkà ti Gúúsù, àti kola, tí í ṣe obì wa yìí. Ẹ̀yin náà mọ ipò tí obì wà nínú ìtàn bí a ṣe dé ìlú yìí. Lẹ́yìn tí ọkọ̀ ojú irin láti Èkó wọ Kánò ní 1911, obì gbànja tí wọ́n gbìn ní Àgége àti ní àyíká rẹ̀ wá di ọ̀kan pàtàkì nínú ẹrù tí ọkọ̀ náà ń gbé wá sókè. Àwọn Hausa ń pè é ní goro, wọ́n sì ń rà á lọ́wọ́ àwọn ènìyàn wa.

Ní 1951 ni wọ́n dá ilé-iṣẹ́ Nigerian Bottling Company sílẹ̀, ní 1953 ni wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í rọ Coca-Cola sínú ìgò ní Èkó. Seven-Up Bottling Company bẹ̀rẹ̀ ní 1960, ọdún tí a gba òmìnira. Báyìí ni ohun tí ó yá orúkọ lọ́wọ́ obì wa ṣe padà wá bá wa nínú ìgò, tí a sì ń fi owó rà á.

Ọ̀kan nínú ìjà àkọ́kọ́ lórí ohun mímu yìí kò jẹ mọ́ adùn rẹ̀ rárá. Obì ní kaféènì, èyí tí kì í jẹ́ kí oorun tètè kun ẹni tí ó bá jẹ ẹ́, ilé-iṣẹ́ náà sì ń fi kaféènì sí ohun mímu rẹ̀. Ní 1909, ìjọba Amẹ́ríkà gbẹ́sẹ̀ lé àgbá 40 ńlá àti 20 kékeré tí oje Coca-Cola kún inú wọn, wọ́n ní kaféènì inú rẹ̀ lè pa ènìyàn lára. Wọ́n gbọ́ ẹjọ́ náà ní ìlú Chattanooga ní 1911, ó sì dé ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù lọ ní 1916. Nígbẹ̀yìn, ilé-iṣẹ́ náà gbà láti dín kaféènì kù, ẹjọ́ sì parí. Ẹ kíyè sí i pé wọn kò pa ohun mímu náà rẹ́, ìwọ̀n rẹ̀ ni wọ́n tún ṣe.

ADÙN LÁTI ARA ÈÉDÚ

Adùn àtọwọ́dá tí ó kọ́kọ́ gbòde ni saccharin, tí àwọn ènìyàn wa ń pè ní sákárìn. Ní 1879, onímọ̀ kẹ́míkà kan tí ń jẹ́ Constantin Fahlberg ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Ira Remsen ní Yunifásítì Johns Hopkins, ní ìlú Baltimore. Ọ̀dà tí wọ́n ń rí láti ara èédú ni ó ń ṣe ìwádìí lé lórí. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, ó jókòó síbi oúnjẹ láìfọ ọwọ́ rẹ̀ dáadáa, ó sì rí i pé búrẹ́dì tí òun mú dùn ju bí ó ti yẹ lọ. Ó padà sí yàrá iṣẹ́ rẹ̀, ó ń tọ́ gbogbo ohun tí ó wà lórí tábìlì wò títí ó fi rí èyí tí adùn náà ti wá. Ohun tí ó rí yìí dùn ju ṣúgà lọ ní nǹkan bí ìlọ́po 300. Òun àti ọ̀gá rẹ̀ jọ kọ ìròyìn rẹ̀ jáde, ṣùgbọ́n Fahlberg nìkan ni ó gba ìwé àṣẹ lórí rẹ̀ nígbà tí ó yá, ó sì kọ́ ilé-iṣẹ́ tirẹ̀ sí Jámánì. Inú bí Remsen gan-an.

Ní àkókò náà, kò sí òfin kan gbòógì ní Amẹ́ríkà lórí ohun tí ènìyàn lè pò mọ́ oúnjẹ tí ó ń tà. Ẹni tí ó dìde sí ọ̀rọ̀ náà ni Harvey Wiley, ọ̀gá àwọn onímọ̀ kẹ́míkà ní ilé-iṣẹ́ ìjọba tí ń rí sí ọ̀rọ̀ àgbẹ̀. Láti 1902, ó kó àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tí wọ́n yọ̀ǹda ara wọn jọ, ó ń fún wọn ní oúnjẹ tí ó ní àwọn èròjà tí kì í jẹ́ kí oúnjẹ bàjẹ́, ó sì ń wo ohun tí yóò ṣe ara wọn. Akitiyan rẹ̀ wà lára ohun tí ó mú òfin oúnjẹ àti oògùn ti 1906 jáde.

Ní 1908, Wiley lọ bá Ààrẹ Theodore Roosevelt pé kí wọ́n fòfin de sákárìn. Kò mọ̀ pé dókítà Ààrẹ fúnra rẹ̀ ti ní kí ó máa lo sákárìn dípò ṣúgà. Roosevelt fi ìbínú dá a lóhùn pé òmùgọ̀ ni ẹni tí ó bá ní sákárìn ń ba ìlera jẹ́. Ààrẹ wá yan ìgbìmọ̀ onímọ̀ kan láti gbé irú ọ̀ràn bẹ́ẹ̀ yẹ̀ wò, ẹni tí ó sì fi ṣe olórí rẹ̀ ni Ira Remsen, ẹni tí wọ́n ti inú yàrá iṣẹ́ rẹ̀ rí sákárìn. Ìgbìmọ̀ náà sọ pé díẹ̀ rẹ̀ kò léwu, ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá ń jẹ púpọ̀ rẹ̀ lójoojúmọ́, ó lè da inú rú. Ní 1912, ìjọba kò gbà kí wọ́n lò ó mọ́ nínú oúnjẹ tí gbogbo ènìyàn ń jẹ, wọ́n sì fi í sílẹ̀ fún àwọn aláìsàn tí kò gbọdọ̀ jẹ ṣúgà. Ìdí pàtàkì tí wọ́n sọ ni pé ẹni tí ó ra oúnjẹ rò pé ṣúgà ni òun ń rà, sákárìn tí kì í fún ara lókun ni wọ́n sì fún un. Ẹ̀ṣẹ̀ ìtànjẹ ni wọ́n rí nínú ọ̀ràn náà ju ẹ̀ṣẹ̀ májèlé lọ. Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kìíní mú kí ṣúgà wọ́n, ọ̀pọ̀ ènìyàn tún sáré padà sí sákárìn.

ÈKÚTÉ ÀTI JẸJẸRẸ

Òmíràn tí ó dé lẹ́yìn náà ni cyclamate. Ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan, Michael Sveda, ní Yunifásítì Illinois, ni ó bá a pàdé ní 1937. Ó gbé sìgá tí ó ń mu sórí tábìlì iṣẹ́ rẹ̀, nígbà tí ó sì tún mú un padà sẹ́nu, ó rí i pé ó ń dùn. Sákárìn máa ń korò díẹ̀ lẹ́yìn tí ènìyàn bá gbé e mì, wọ́n sì rí i pé bí wọ́n bá pò ó pọ̀ mọ́ cyclamate, ìkorò náà ń pòórá. Àwọn méjèèjì ni Coca-Cola fi ṣe Tab, ohun mímu aláìníṣúgà rẹ̀ tí ó jáde ní 1963.

Ṣáájú ìgbà náà, ní 1958, Amẹ́ríkà ti ṣe òfin kan pé èròjàkérojà tí ó bá fa jẹjẹrẹ lára ènìyàn tàbí ẹranko kò gbọdọ̀ wọ inú oúnjẹ, bó ti wù kí ó kéré mọ. Òfin náà kò bèèrè ìwọ̀n. Ní 1969, wọ́n rí kókó jẹjẹrẹ nínú àpò ìtọ̀ àwọn èkúté kan tí wọ́n ti ń fún ní àpòpọ̀ cyclamate àti sákárìn lọ́pọ̀ yanturu. Ní oṣù kẹwàá ọdún náà, ìjọba kéde pé àwọn fòfin de cyclamate. Nígbà tí ó di 1985, ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà kan náà sọ pé ẹ̀rí tí ó wà nílẹ̀ kò fi hàn pé cyclamate fúnra rẹ̀ ń fa jẹjẹrẹ. Síbẹ̀, òfin náà kò kúrò níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù àti ọ̀pọ̀ ibòmíràn gbà kí wọ́n máa lò ó.

Ní 1977, ó kan sákárìn. Ìwádìí kan ní Kánádà fi hàn pé àwọn akọ èkúté tí wọ́n fún ní sákárìn ní jẹjẹrẹ àpò ìtọ̀. Àjọ tí ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà, FDA, fẹ́ fòfin dè é. Ariwo sọ. Sákárìn nìkan ni adùn àtọwọ́dá tí ó kù lọ́jà wọn, àwọn alátọ̀gbẹ sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé sí àwọn aṣòfin wọn. Àwọn ènìyàn tún ṣe ìṣirò pé ẹni tí yóò bá rí iye sákárìn tí èkúté yẹn jẹ yóò máa mu nǹkan bí 800 agolo lójúmọ́. Ilé aṣòfin dá FDA dúró, wọ́n sì ní kí wọ́n kọ ìkìlọ̀ sára ohun gbogbo tí ó bá ní sákárìn.

Ìwádìí wá ń lọ ní pẹrẹu. Wọ́n rí i pé ìtọ̀ akọ èkúté kò dà bí tiwa. Bí sákárìn bá pọ̀ nínú rẹ̀, ó ń di yanrìn kéékèèké tí ń ha àpò ìtọ̀ lára, ibi tí ó sì ń ha náà ni jẹjẹrẹ ti ń bẹ̀rẹ̀. Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kì í ṣẹlẹ̀ nínú ìtọ̀ ènìyàn. Ní ọdún 2000, ìjọba Amẹ́ríkà yọ sákárìn kúrò nínú ìwé orúkọ àwọn ohun tí ó lè fa jẹjẹrẹ, wọ́n sì fagi lé ìkìlọ̀ náà. Ọdún 23 ni ìkìlọ̀ yẹn fi wà lára ìgò. Ìròyìn ìbẹ̀rù tètè rìn kárí ayé, ìròyìn àtúnṣe kò sì rìn tó bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ nínú wa fi gbọ́ pé sákárìn ń fa jẹjẹrẹ, tí a kò sì gbọ́ pé wọ́n ti yọ orúkọ rẹ̀.

ASPARTAME ÀTI ỌDÚN 2023

Èyí tí ariwo rẹ̀ pọ̀ jù lóde òní ni aspartame. Oògùn ọgbẹ́ inú ni James Schlatter ń wá ní ilé-iṣẹ́ Searle ní 1965 tí ó fi lá ìka rẹ̀ tí ó sì dùn. FDA fọwọ́ sí i ní 1974, wọ́n dá a dúró ní 1975 nítorí awuyewuye lórí àwọn ìwádìí tí ilé-iṣẹ́ náà kó wá, wọ́n tún fọwọ́ sí i ní 1981, wọ́n sì gbà á láyè nínú ọtí ẹlẹ́rìndòdò ní 1983.

Ní oṣù keje ọdún 2023, ẹ̀ka Àjọ Ìlera Àgbáyé tí ń ṣe ìwádìí jẹjẹrẹ kéde pé aspartame wà lára àwọn ohun tí ó ṣeé ṣe kí ó fa jẹjẹrẹ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kò gbọ́ ju ibẹ̀ yẹn lọ. Ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ mìíràn tí ń ṣírò ìwọ̀n èròjà oúnjẹ sọ̀rọ̀ ní ọjọ́ kan náà pé àwọn kò rí ìdí láti yí ìwọ̀n àtijọ́ padà: mìlígíráàmù 40 lójúmọ́ fún kílò kọ̀ọ̀kan tí ènìyàn wọ̀n. Ẹni tí ó wọ̀n kílò 70 lè jẹ mìlígíráàmù 2,800 nìyẹn. Bí agolo kan bá ní mìlígíráàmù 200 sí 300, yóò mu ju agolo 9 sí 14 lọ lójúmọ́ kí ó tó kọjá ààlà.

Ìgbìmọ̀ kìíní ń wádìí bóyá nǹkan náà lè pani lára rárá, ìkejì ń wádìí iye rẹ̀ tí ó lè pani lára. Ọ̀bẹ lè gé ènìyàn lọ́wọ́, ṣùgbọ́n a kò tìtorí ẹ̀ kó gbogbo ọ̀bẹ kúrò ní ilé ìdáná.

Àwọn kan wà tí aspartame jẹ́ ewu gidi fún. Àwọn ni wọ́n bí àrùn phenylketonuria mọ́, tí ara wọn kò lè lo ọ̀kan nínú èròjà tí ó wà nínú rẹ̀. Nítorí tiwọn ni wọ́n ṣe ń kọ ọ́ sára ìgò pé ó ní phenylalanine. Ìdáhùn sí "ta ni ó ń mu ún?" nìyẹn.

Ní oṣù karùn-ún ọdún 2023 kan náà, Àjọ Ìlera Àgbáyé gba gbogbo ayé nímọ̀ràn pé kí wọ́n má ṣe gbára lé adùn àtọwọ́dá láti fi dín sísanra kù, nítorí ẹ̀rí kò fi hàn pé ó ń ṣiṣẹ́ náà fún ìgbà pípẹ́. Wọ́n yọ àwọn tí wọ́n ti ní àtọ̀gbẹ tẹ́lẹ̀ sọ́tọ̀ nínú ìmọ̀ràn yìí. Nítorí náà, kí alátọ̀gbẹ má sá fún ìgò aláìníṣúgà kí ó wá lọ gbé oníṣúgà mu. Kí ẹlòmíràn má sì rò pé ìgò mẹ́fà aláìníṣúgà yóò sọ òun di tínrín.

ÀGBÁYUN ÀTI EWÉ EÉRAN

Àwọn kan máa ń sọ pé ti òyìnbó ni gbogbo wàhálà yìí, pé ohun tí Ọlọ́run dá kò nílò ìdánwò. Ẹ jẹ́ kí á wo ilé. Àgbáyun wà nínú igbó wa. Ẹni tí ó bá jẹ ẹ́ tí ó sì fi ọsàn wẹ́wẹ́ lé e yóò rí i pé kíkan ti di dídùn. Ewé eéran tí àwọn ìyá wa fi ń pọ́n ọ̀lẹ̀ àti ẹ̀kọ náà ní èso pupa lábẹ́ rẹ̀, ohun yíyọ̀ tí ó yí kóró inú rẹ̀ ká sì dùn ju ṣúgà lọ ní ìlọ́po bí 2,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láti ara rẹ̀ ni wọ́n ti ń rí thaumatin, èyí tí ilé-iṣẹ́ Tate & Lyle ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé sọ́jà. Ilé-iṣẹ́ yìí kan náà ni ó ṣe ìwádìí tí ó bí sucralose ní 1976 pẹ̀lú àwọn onímọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Wọ́n ní kí ọmọ Íńdíà kan láàárín wọn, Shashikant Phadnis, ṣe àyẹ̀wò nǹkan kan, ó gbọ́ ọ sí kí ó tọ́ ọ wò, nítorí ọ̀rọ̀ méjèèjì fara jọ ara wọn lédè Gẹ̀ẹ́sì. Ó tọ́ ọ wò, ó sì dùn.

Ilé-iṣẹ́ kan gbìyànjú láti ta ohun tí wọ́n rí lára àgbáyun ní Amẹ́ríkà ní nǹkan bí 1970 sókè, ṣùgbọ́n ní 1974 FDA sọ pé wọn kò lè tà á láìkọ́kọ́ dán an wò bí wọ́n ṣe ń dán èròjà yòókù wò. Ní Yúróòpù, ìparí 2021 ni wọ́n tó fọwọ́ sí èso àgbáyun gbígbẹ. Èyí fi hàn pé ewé àti èso náà ń jẹ́jọ́ níwájú ìwọ̀n, kì í ṣe ohun tí wọ́n fi èédú ṣe nìkan.

OHUN TÍ KÌ Í JẸ́ KÓ BÀJẸ́, ÀTI ÀWỌ̀ RẸ̀

Adùn nìkan kọ́ ni wọ́n ń fi sínú ìgò. Sodium benzoate wà níbẹ̀ láti má jẹ́ kí ó bàjẹ́. Bí ó bá wà pọ̀ pẹ̀lú fítámì C nínú ohun mímu kan, tí ooru àti oòrùn sì ń pa á, díẹ̀ nínú rẹ̀ lè yí padà di benzene, tí ó dájú pé ó ń fa jẹjẹrẹ. Ní 2006, wọ́n kó àwọn ohun mímu kan kúrò lọ́jà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nítorí rẹ̀, àwọn ilé-iṣẹ́ sì tún àpòpọ̀ wọn ṣe.

Ọ̀ràn yìí dé ọ̀dọ̀ wa. Ní 2007, oníṣòwò ọmọ Nàìjíríà kan kó Fanta àti Sprite tí wọ́n ṣe níbí lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn aláṣẹ ibẹ̀ ní benzoic acid inú rẹ̀ ju èyí tí òfin àwọn gbà lọ. Ó gbé ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe é àti NAFDAC lọ sí ilé-ẹjọ́ gíga ní Èkó. Ní oṣù kejì ọdún 2017, adájọ́ pàṣẹ pé kí NAFDAC mú kí wọ́n kọ ìkìlọ̀ sára ìgò náà pé kò dára láti mu ún pọ̀ mọ́ fítámì C, ó sì ní kí NAFDAC san mílíọ̀nù 2 náírà fún owó ẹjọ́. Ilé-iṣẹ́ náà pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Ìjọba ṣàlàyé pé ìwọ̀n 250 fún kílò kan ni òfin Nàìjíríà gbà, 150 ni ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, pé ooru ilẹ̀ wa ni ó fà á tí tiwa fi ga jù, àti pé ohun mímu náà kò kọjá òfin wa. Àlàyé náà ní ìtumọ̀. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kẹta wa ṣì wà nílẹ̀: títí ìgbà tí ọ̀rọ̀ fi dé ilé-ẹjọ́, ta ni ó ṣàlàyé èyí fún ìyá tí ń ra Fanta fún ọmọ rẹ̀?

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti àwọ̀. Lẹ́yìn ìwádìí kan ní Southampton ní 2007, àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù pàṣẹ láti 2010 pé kí wọ́n kọ ọ́ sára ohunkóhun tí ó bá ní èyíkéyìí nínú àwọ̀ mẹ́fà kan, títí kan tartrazine àti sunset yellow, pé ó lè mú kí ọmọdé má lè fọkàn sí nǹkan. A kò sì gbọdọ̀ rò pé ohun tí ìjọba bá ti gbà láyè ti bọ́ lọ́wọ́ ìbéèrè títí láé. Òróró brominated vegetable oil tí wọ́n ń fi sínú àwọn ohun mímu ọlọ́sàn kan, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lé e jáde ní 1970, Amẹ́ríkà kò lé e títí di 2024.

KÍ Á LÉ AKÁTÁ LỌ NÁ

Àwọn àgbà ní kí á kọ́kọ́ lé akátá lọ, kí á tó wá bá adìẹ wí. Akátá inú ọ̀rọ̀ yìí ni ṣúgà fúnra rẹ̀. Bí ohun mímu kan bá ní gíráàmù 10.6 ṣúgà nínú mìlílítà 100, ìgò 50cl kan ní gíráàmù 53. Kóró ṣúgà mẹ́tàlá nìyẹn, bí kóró kan bá wọ̀n gíráàmù 4. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ní 2015 pé kí àgbàlagbà má jẹ ju nǹkan bí gíráàmù 50 lọ lójúmọ́, pé yóò sì dára bí ó bá lè dín in kù sí 25. Ìgò kan ṣoṣo ti kó oúnjẹ ṣúgà ọjọ́ kan tán, a kò tíì ka tíì àárọ̀.

Nítorí èyí ni ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi gbé owó orí lé ohun mímu oníṣúgà ní 2018, tí àwọn ilé-iṣẹ́ sì sáré dín ṣúgà kù, tí púpọ̀ nínú wọn fi adùn àtọwọ́dá dípò rẹ̀. Nàìjíríà náà gbé náírà 10 lé lítà kọ̀ọ̀kan nínú òfin ìnáwó 2021, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á ní 2022. Ṣúgà àti adùn àtọwọ́dá lè wà pọ̀ nínú ìgò kan náà, kí orúkọ tí ó wà níwájú rẹ̀ má sì sọ ọ́. Ẹ̀yìn ìgò ni ẹ ó ti rí i: saccharin, aspartame, acesulfame, sucralose tàbí cyclamate.

ÌMỌ̀RÀN WA FÚN ẸGBẸ́ ÀTI FÚN ILÉ KỌ̀Ọ̀KAN

Èkíní, kí omi tútù kọ́kọ́ dé orí tábìlì ní gbogbo ìpàdé àti ayẹyẹ wa, kí ọtí ẹlẹ́rìndòdò tẹ̀ lé e. Kò yẹ kí àlejò tí ó ní àtọ̀gbẹ máa tọrọ omi bí ẹni tọrọ owó.

Èkejì, ẹ má ra ohun mímu tí wọ́n tò sí ojú oòrùn. Oòrùn Kánò ní oṣù kẹrin kì í ṣe eré, ẹ sì ti mọ ohun tí ooru ń ṣe sí benzoate. Àwọn tí ń ta ọjà yìí nínú wa, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ìbòòji bò ó.

Ẹ̀kẹta, ẹ̀yin tí ń se zóbò àti kúnù tà, ẹ má fi ojú wọn sákárìn. Ìlọ́po 300 adùn ṣúgà ni a ń sọ yìí. Ilé-iṣẹ́ ńlá ní ẹni tí ń bi í léèrè ìwọ̀n, ẹ̀rí ọkàn nìkan ni ó ń bi aláwo zóbò léèrè.

Ẹ̀kẹrin, ọmọdé kéré, nítorí náà ìwọ̀n tirẹ̀ kéré. Ohun tí ó jẹ́ díẹ̀ fún kílò 70 jẹ́ púpọ̀ fún kílò 15. Ìgò kan kò yẹ ọmọ ọdún mẹ́ta, ìbáà jẹ́ oníṣúgà, ìbáà jẹ́ aláìníṣúgà.

Ẹ̀karùn-ún ni ó ká wa lára jù. Lẹ́tà wínníwínní lédè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ ohun tí ó wà nínú ìgò. Ọ̀pọ̀ àwọn ìyá wa ní Sábọ̀n Gàrí ń ka Bíbélì tàbí ìwé àdúrà wọn dáadáa lédè Yorùbá, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ìgò kò bá wọn sọ̀rọ̀. Títí ìjọba yóò fi mú kí àwọn ilé-iṣẹ́ sọ ọ́ lédè tí a gbọ́, kí ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ ń lọ sílé-ẹ̀kọ́ máa ka ẹ̀yìn ìgò fún ìyá àti ìyá-ìyá yín kí wọ́n tó ṣí i. Kí ẹni tí ó ní àtọ̀gbẹ tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru sì bi dókítà rẹ̀ léèrè, kí ó má fi ti ọ̀rẹ́ ṣe.

Láti ìgbà Wiley títí di òní, ìjọba, onímọ̀ àti oníṣòwò ti yí ọ̀rọ̀ padà léraléra lórí ohun tí ó wà nínú ìgò yìí. Ẹni tí kò yí padà ni ẹni tí ń mu ún, tí ó sì ní ẹ̀tọ́ láti mọ̀. Àṣejù, baba àṣetẹ́ ni. Ẹ jẹ́ kí á máa mu níwọ̀n, kí á sì máa bèèrè.

Ọlọ́run yóò bùkún ẹgbẹ́ wa. Àjò kò ní gbàgbé wa, ilé kò ní gbàgbé wa. Ohun tí a ń mu kò ní ṣe wá ní ibi. Àṣẹ.